Mo Ti Dé Ilé Rẹ Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà

Ìwárọ̀-Ọ̀kà, Àkókó.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta tí a dé láti ìpàdé ẹbí.

Fúnminíyì ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Rachel,

Báwo ni ara, báwo ni iṣẹ́, báwo ni Àbújá tí wọ́n ní oòrùn ibẹ̀ máa ń mú bí ẹni pé ó ń bá èèyàn jà? Ọlọ́run tó mú mi kúrò nídìí ríru yanrìn fún oníyanrìn, tó sọ mí di ẹni tí gbogbo Ìwárọ̀ ń pè ní Bàbá Oníbúlọ́ọ̀kù, òun náà ni yóò máa tì ọ́ lẹ́yìn bí o bá ń jáde, tí yóò sì máa ṣí ilẹ̀kùn fún ọ bí o bá ń wọlé, àárẹ̀ kò ní mọ ilé rẹ. Àmín. Bí o bá ń bèèrè èmi, ara mi le, àfi orúnkún ọ̀tún tó ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́ tí mo bá fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n tí mo bá ti dìde tán, kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Ewúrẹ́ aláwọ̀ méjì yẹn ti bímọ, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, abo ni gbogbo wọn. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjì ká lọ, wọ́n ti kàn án padà, èmi ni mo dúró tì wọ́n láti àárọ̀ títí wọ́n fi ṣe tán, torí ojú tí káfíńtà ìsinsìnyí fi ń wo igi, kì í ṣe ojú tí a fi ń wò ó láyé àtijọ́.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí o. Hafsoh, obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Jùbẹ̀, ní Ìkàrẹ́, ní kí n máa sọ ọ́ lẹ́nu kí òun máa tẹ̀ ẹ́, mo ní rárá o, mo kàwé dé prímárì fọ́ọ̀, àwọn tó ka tiwọn dé yunifásítì ló sì ń wá ra búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ mi tí wọ́n ń pè mí ní sà. Bíró ni mo fi kọ ọ́. Òun yóò kàn yà á ní fọ́tò, yóò fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ.

Ọ̀rọ̀ ilé rẹ ni mo fẹ́ sọ. O rántí pé nígbà Kérésì mo bi ọ́ lórí fóònù pé ìgbà wo ni o máa kọ́lé sórí púlọ́ọ̀tì tí ẹbí pín fún ọ lẹ́bàá àpáta. O rẹ́rìn-ín, o ní, Bàbá, mo ti kọ́lé, ẹ̀yin nìkan ni mo ń retí kí ẹ wá wò ó, ó wà ní ìlú kan nínú kọ̀ǹpútà níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, màá fi ọ̀nà rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ọmọ mi, ibi tí o ti sọ pé o ti kọ́lé ni etí mi ti dúró, ìyókù kò wọlé. Sunday tó tẹ̀ lé e, mo gbé àkùkọ ńlá kan àti iṣu mẹ́fà lọ síwájú pẹpẹ, mo ní ọmọ mi obìnrin ti kọ́lé, gbogbo ìjọ pariwo, wọ́n fọpẹ́ fún Ọlọ́run.

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni Israel àbúrò mi ti dá mi dúró tó ní níbo ni ilé náà wà, kí òun náà lọ kí ọ kú oríire. Mo ní ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Fúnminíyì, bàbá rẹ kékeré yẹn rẹ́rìn-ín débi pé fìlà jábọ́ lórí rẹ̀. Ó ní bọ̀ọ̀dá òun ti ń gbé àkùkọ lọ dúpẹ́ fún fíìmù. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ojú rẹ̀ wá le, ó ní ṣé mo rántí òfin ẹbí wa, pé ilẹ̀ tí ẹbí bá pín fún ọmọ, bí ọdún mẹ́wàá bá kọjá lórí rẹ̀ tí búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo kò dé ibẹ̀, ẹbí a máa gbà á padà. Ó ní ọdún kẹwàá tìrẹ yóò pé ní Àjíǹde yìí, àti pé Jesse ọmọ òun fẹ́ fi ibẹ̀ fọ mọ́tò fún àwọn oníbàárà. Ibi tí Rachel ìyá rẹ ti ń sá ata, Jesse fẹ́ máa da omi ọṣẹ sí i! Wọ́n dá ìpàdé ẹbí sí Sátidé tó kọjá yìí láti yanjú ẹ̀.

Bí mo ṣe wí fún ara mi nìyẹn pé mo gbọ́dọ̀ lọ fojú ara mi rí ilé náà kí Sátidé tó pé, nítorí láti ìgbà tí mo ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù, mi ò jẹ́rìí sí ilé tí mi ò fọwọ́ kàn rí.

Ọjọ́ Tuesday ni mo wọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́. Mo wọ aṣọ àwọ̀ ewé tí o rà fún mi, mo gbé iṣu mẹ́ta dání. Hafsoh ní ta ló ni iṣu, mo ní ti ọba ìlú tí mo ń lọ ni, èèyàn kì í wọ ìlú onílùú lọ́wọ́ òfìfo. Ó ní ìlú yẹn kò lọ́ba, iléeṣẹ́ kan ló ni ín. Mo ní iléeṣẹ́ náà á ní olórí, kó bá mi tọ́jú iṣu náà fún un. Ó ní kò burú Bàbá, ó gbé iṣu sábẹ́ tábìlì.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí lẹ́nu ibodè ni pé irú ara wo ni mo fẹ́. Ara, Fúnminíyì! Wọ́n to èèyàn sílẹ̀ bí aṣọ òkìrìkà, wọ́n ní kí n mú èyí tó bá wù mí. Gbogbo wọn ló tẹ́ẹ́rẹ́, ewú kan kò sí lórí wọn. Mo ní èwo ni àgbà nínú àwọn wọ̀nyí, Hafsoh ní wọn kì í darúgbó níbẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu, mo bi í pé ta ló wá ń parí ìjà fún wọn. Mo ní kó bá mi fi ikùn sí èyí tí mo mú, nítorí ẹni tó ti jẹ òógùn ojú ara rẹ̀ fún ogójì ọdún kò gbọdọ̀ rí bí ẹni tí ebi ń pa. Ó fa nǹkan kan síwá, ó fà á sẹ́yìn, ikùn yọ, ó sì dára. Fìlà ni a kò rí. Àkẹtẹ̀ gbẹ̀ǹgbẹ̀ bíi ti àwọn òyìnbó tó ń da màlúù ni wọ́n ní, mo gbà á bẹ́ẹ̀, mi ò lè lọ sí ibi tí ọmọ mi kọ́lé sí lórí òfìfo.

Bí a ṣe wọlé, pápá ńlá kan ni, koríko rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí. Mo rí àwọn èèyàn bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n dúró gbọ̀ọ̀rọ̀, gbogbo wọn dorí kodò, ẹnikẹ́ni ò mira, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Mo ní ha, òkú ti sùn ní ìlú yìí lọ́jọ́ tí mo dé. Mo ní kí Hafsoh bá mi kọ ọ́ pé ẹ kú aráfẹ́rakù, Ọlọ́run yóò dáwọ́ irú èyí dúró. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo ṣí fìlà tèmi gan-an nínú ṣọ́ọ̀bù, mo sì ní kó ṣí àkẹtẹ̀ ọ̀hún náà, a bá wọn dúró. Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí Hafsoh tó sọ fún mi pé kò sí òkú kankan, pé àwọn tó ni ara yẹn ló dìde nídìí kọ̀ǹpútà wọn lọ jẹun, àwọn ara ló dúró dè wọ́n. Mo ní kí ló dé tí kò tètè sọ. Ó ní òun rí i pé mo ti ń gbàdúrà.

Ó ní kí n wá máa rìn fúnra mi, pé bọ́tìnì mẹ́rin kan ni ẹsẹ̀ mi. Ìka tèmi tóbi, bọ́tìnì kéré, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, mo gba iwájú lọ tààrà, mo wọ inú òkun. Mo ké, torí o mọ̀ pé mi ò mọ̀wẹ̀, àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì sì sá wá wò mí. Ṣùgbọ́n gbọ́ o: mi ò rì. Mo ń rìn nísàlẹ̀ omi bí ẹni ń lọ sí Òkè-Àgbè lẹ́sẹ̀, ẹja ń gba orí mi kọjá, àkẹtẹ̀ kò ṣí. Ẹ̀rù mi lọ, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀tún wo òsì. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá yanrìn ìsàlẹ̀ òkun yẹn á dára fún búlọ́ọ̀kù, mi ò rí i bù.

Nígbà tí a jáde, Hafsoh tẹ ọ̀nà tí o fi ránṣẹ́, àfi gbàù, a ti dé iwájú ilé rẹ, a ò wọkọ̀, a ò sanwó, kò sí ọlọ́pàá lọ́nà. Mo yí ilé náà ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ilé náà dára, fèrèsé rẹ̀ fẹ̀, bàràńdà rẹ̀ gba èèyàn ogún. Ṣùgbọ́n ọmọ oníbúlọ́ọ̀kù ni ọ́, mo ní láti sọ ọ́: mo bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ògiri, kò sí fáńdéṣọ̀n. Mo ní kí Hafsoh bá mi yọjú wo abẹ́ ilẹ̀, ó yọjú wò ó lóòótọ́, òfo ni. Mo ní ṣé búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́sàn-án ni àbí mẹ́fà, ó ní ògiri náà fẹ́lẹ́ ju bébà lọ. Líńtẹ̀lì kò sí lókè fèrèsé. Mo wo yàrá dé yàrá, mi ò rí ilé ìyàgbẹ́, mo ní níbo ni àlejò ń gbà lọ, Hafsoh ní wọn kì í lọ. Ìyẹn náà gbà mí ní ìrònú. Ta ló ń ṣọ́ ilé náà bí o bá sùn ní Àbújá? Ṣé òjò máa ń rọ̀ síbẹ̀? Bó bá rọ̀, ṣé ó máa ń jò? Gbogbo èyí ni kí o kọ sí mi.

Ẹ̀rù Sátidé tún padà bà mí. Mo ní ilé yìí kò ní fáńdéṣọ̀n, ó di dandan kí n fi ààlà sí i kí n sì wá ẹlẹ́rìí, bí a ṣe máa ń ṣe nílẹ̀ wa. Mo ní kí Hafsoh bá mi wá pèrègún. A wá a tì, a rí igi kan tó jọ ọ́, ewé rẹ̀ pupa. Bí mo ṣe ní ká gbìn ín sí igun ilẹ̀ rẹ báyìí, kọ̀ǹpútà kọ̀ jálẹ̀, ó kọ̀wé síta pé ẹni tó ni ilẹ̀ kò fún mi láṣẹ. Inú bí mi! Mo ní ọmọ mi ló ni ín, èmi ni mo bí i! Ó tún kọ̀. Mo jókòó, mo mu omi tútù kan, ni mo wá rò ó dáadáa. Ilẹ̀ tó mọ orúkọ ẹni tó ni ín débi pé kò gbà fún bàbá ẹni náà pàápàá, Israel wo ló fẹ́ gbà á? Jesse wo ni yóò fọ mọ́tò níbẹ̀? Mo pàtẹ́wọ́ fún ìlú yẹn. Ó wá ń dùn mí pé ilẹ̀ tìwa níbí kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ibẹ̀ la wà tí aládùúgbò rẹ fi fò dé láti ojú ọ̀run, tó sọ̀ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ara obìnrin, orí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Mi ò sá. Mo ti ta búlọ́ọ̀kù fún oríṣiríṣi èèyàn. Mo ní kí Hafsoh bá mi kí i, kó sọ fún un pé èmi ni bàbá ẹni tó nilé, ṣé yóò jẹ́rìí pé ọmọ mi ló ni ilẹ̀ yìí. Ará ìlú òtútù kan lókè òkun ni. Ó dáhùn, Hafsoh ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní òun mọ̀ ọ́ dáadáa, ó ti pé ọdún méjì tí ẹ ti jọ ń gbé. Ó ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sunday lo máa ń wá, ṣùgbọ́n o kì í wọlé, ẹ̀yìnkùlé lo máa ń lọ, wàá jókòó sórí òkúta kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, o kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ìgbà tó bá yá wàá lọ. Ó ní òun ò mọ ohun tí o ń wò.

Mo ní kí Hafsoh gbé mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Fúnminíyì, àpáta wa ni. Àpáta ìdí òkè wa ni o gbé lọ síbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n láti ibi tó ti là, ibi tí ìyá rẹ máa ń fi pákó bò kí ata má baà bọ́ sínú rẹ̀. O tilẹ̀ fi pákó náà síbẹ̀. Nígbà tí o wà ní kékeré, ìrọ̀lẹ́ Sunday lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ̀yin méjèèjì máa ń ṣa ata yẹn jọ, màá gbọ́ ẹ̀rín yín láti ìdí búlọ́ọ̀kù. Hafsoh bi mí pé Bàbá ṣé kò sí, mo ní eruku ọ̀gbẹlẹ̀ ló kó sí mi lójú. Mo wá rí i pé bí àpáta bá wà lẹ́yìn ilé, á jẹ́ pé ilé náà dúró sórí púlọ́ọ̀tì tìrẹ gẹ́lẹ́, iwájú rẹ̀ kọ ojú sí ọ̀nà Ìwárọ̀. Mo ti rò pé o gbàgbé ilẹ̀ náà. Ọdún mẹ́ta tí o kò wálé, lẹ́yìn tí a sin ìyá rẹ, mo rò pé o gbàgbé wa.

Mo ní kí Hafsoh tẹ àwòrán ilé náà àti ti àpáta jáde, kó sì tẹ ẹ̀rí tí aládùúgbò rẹ jẹ́ pẹ̀lú àwòrán rẹ̀.

Ní Sátidé, orí púlọ́ọ̀tì náà gan-an ni mo ní kí ìpàdé ti wáyé. Mo ka ẹ̀rí náà fún wọn. Israel fa bébà gbà, ó wo àwòrán obìnrin náà, ó ní, bọ̀ọ̀dá mi, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lẹ mú wá jẹ́rìí? Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó mọ ibi tí ọmọ wa máa ń jókòó sí ní Sunday, ìwọ bàbá rẹ̀ kékeré, ṣé o mọ̀ ọ́n? Ẹ̀rín dá. Bàbá Zachariah olórí ẹbí gba àwòrán àpáta, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó gbójú sókè wo àpáta tó wà níwájú rẹ̀, ó tún wo bébà. Ó ní pákó Rachel nìyí. Israel ní bébà kò lè gba òjò dúró, òfin ẹbí kò sọ̀rọ̀ bébà, búlọ́ọ̀kù ló wí. Òótọ́ ló sọ, mo gbà fún un, mo ní ilé inú kọ̀ǹpútà kò ní fáńdéṣọ̀n, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, n kò ní tan ẹbí jẹ.

Bàbá Zachariah ló wá dá a pé wọn kò ní gba ilẹ̀ náà títí di Monday Àjíǹde. Kó tó di ọjọ́ náà, búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú fáńdéṣọ̀n. Mo ní kò ṣòro, lọ́la ni màá gbé e kalẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe èmi. Ẹni tó ni ilẹ̀ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e, lójú ẹbí. Bí Monday bá kọjá, ti Jesse ni.

Mo ti gbẹ́ kòtò fáńdéṣọ̀n. Mo ti ṣe búlọ́ọ̀kù ogún, ínṣì mẹ́sàn-án, sìmẹ́ńtì rẹ̀ pé, Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà pa pọ̀ kò ní irú rẹ̀. Kí wọ́n tó gbẹ, mo mú ìṣó, mo kọ Fúnminíyì sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ogún Fúnminíyì, kí ilẹ̀ tìwa náà lè mọ orúkọ ẹni tó ni ín.

Owó tí mo fẹ́ bèèrè kì í ṣe fún ara mi, o mọ̀ pé èmi kì í ṣagbe. Sìmẹ́ńtì tó kù ni, àti òróró tí mo ń fi ra orúnkún, àti nǹkan díẹ̀ fún Hafsoh torí dátà rẹ̀ tí mo jẹ, ó ní iṣu tó gbà lọ́wọ́ mi ti tó, ṣùgbọ́n iṣu yẹn ti olórí iléeṣẹ́ ni. Bí owó ọwọ́ rẹ kò bá ju owó ọkọ̀ lọ, fi sìmẹ́ńtì sílẹ̀, fi orúnkún sílẹ̀, fi owó náà wọ ọkọ̀.

Kí Ọlọ́run fi ọ̀nà tó tẹ́jú sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, kí awakọ̀ rẹ má ṣe tòògbé, ohun tí o bá fọwọ́ rẹ gbé kalẹ̀ yóò dúró, kò ní yẹ̀, ojú mi yóò sì wà níbẹ̀ láti rí i.

Ó ku ohun kan. Kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Tuesday yẹn, mo mú ara mi tó wà nínú kọ̀ǹpútà, oníkùn pẹ̀lú àkẹtẹ̀, mo fi í jókòó sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé rẹ. Hafsoh ní bí òun bá ti pa kọ̀ǹpútà, kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Mo ní ìyẹn ò kàn mí, èmi ti fi í síbẹ̀. Àpáta tó wà ní Ọ̀kà, orí rẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo ń kọ lẹ́tà yìí. Èyí tí o bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì, wàá bá mi níbẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlálérè Oníbúlọ́ọ̀kù.